Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ lọ gba ajá tọ́ láti ilé àbò, Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mo ń gbé

Ìyá Ràṣídì, Ìgbógbó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá lónìí. Láti ìgbà tí àwọn olè ti fọ́ ilé kan ní àdúgbò wa ni àwọn ọmọ ò ti jẹ́ kí etí mi sinmi mọ́: "Màámi, ẹ jẹ́ ká ní ajá." Bàbá wọn ní òun ò lówó tí òun máa kó fún àwọn tó ń ta ọmọ ajá lẹ́bàá títì. Ni àbúrò mi tó ń gbé ní Yábàá bá sọ pé àwọn ilé àbò wà ní Èkó tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá tí wọ́n já jù sígboro, pé èèyàn lè lọ gba ọ̀kan tọ́ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí kó là mí lọ́yẹ̀. Bí ilé wa ṣe rí nìyí: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ìsàlẹ̀ ni àwa wà, láńlọ́ọ̀dù wa, Alhaji, wà lókè. Fẹ́ńsì wà, géètì wà. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àbígbẹ̀yìn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọjà Ṣàbó ni mò ń ná, mi ò kì í sí nílé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ṣé ọmọ ajá ni ká gbà ni àbí èyí tó ti dàgbà? Àrùn ńkọ́? Ajá tí wọ́n ti lù, tí ebi ti pa, ṣé kò níí fi ọmọ mi gbẹ̀san? Ẹ má bú mi o, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ajá ò ju pé ó máa ń gbó lọ.

Alájá Ìtàmágà

Ìyá Ràṣídì, ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè kí ẹ tó lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé wọ́n á gbé e délé tán kí wọ́n tó máa bèèrè.

Kí ẹ tó wo ajá kankan lójú, ẹ lọ bá láńlọ́ọ̀dù. Ẹ má rán ọmọ sí i o. Ẹ̀yin àti baálé yín ni kí ẹ jọ lọ, lálẹ́, nígbà tí Alhaji bá ti jẹun tán. Mo máa ń lọ ṣèrànwọ́ ní ilé àbò kan lópin ọ̀sẹ̀, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé kì í sábà jẹ́ ìwà ajá ló ń mú kí wọ́n dá a padà. Láńlọ́ọ̀dù ni. Bí kì í bá ṣe láńlọ́ọ̀dù, jápa ni. Ẹni tó kó owó gọbọi ra ajá òyìnbó, físà jáde lójijì, kò mọ ibi tó máa gbé e sí mọ́. Ẹlòmíì á wá so ó mọ́ géètì ilé àbò lóru, á bá tirẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọ́n á bi yín ní ìbéèrè ju èyí tí ẹ̀yin máa bi wọ́n lọ. Ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n á wo káàdì ìdánimọ̀ yín, wọ́n lè ní kí ẹ fi fídíò inú ọgbà yín ránṣẹ́ tàbí kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wá wò ó. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ fọwọ́ sí i pé tí kò bá bá yín lára mu, ọ̀dọ̀ àwọn ni ẹ máa dá a padà sí, ẹ ò níí fún ẹlòmíì. Ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Ibi tí wọn ò bá ti bi yín ní nǹkankan, tí wọ́n kàn ní kí ẹ sanwó kí ẹ gbé e, ọjà ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Àgbà ajá ni màá ní kí ẹ gbà. Ọmọ ajá dùn ún wò, àmọ́ ta ló fẹ́ máa fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lójúmọ́, ta ló fẹ́ máa nu ìtọ̀ rẹ̀, nígbà tí ẹ ti wà ní Ṣàbó? Ajá ọdún méjì sí mẹ́rin, ẹ ti rí bó ṣe máa tóbi tó, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ á sì sọ fún yín bóyá ó gba ọmọdé láyè àbí kò gbà wọ́n láyè.

Ọmọ Ẹbúté Ìpákodò

Ajá ìgboro ni ẹ fẹ́ fi ṣọ́lé? Bíńgò lásán, tó jẹ́ pé orí ẹja ni olè máa jù sí i tá á fi bá a ṣílẹ̀kùn? Ẹ wá owó ra ajá òyìnbó ńlá, Rottweiler tàbí Boerboel, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Alájá Ìtàmágà

Ọmọ Ẹbúté, ẹ rọra. Boerboel tó ń jẹ oúnjẹ èèyàn méjì, ta ló fẹ́ bọ́ ọ nínú ọ̀wọ́n gógó yìí? Ajá òyìnbó pọ̀ nílé àbò, àìrówó oúnjẹ ló gbé ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀. Ẹ wá lọ wo Caucasian onírun ṣìkìtì tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú oòrùn ọ̀sán gangan ní Ìkòròdú, àánú á ṣe yín. Ajá ìbílẹ̀ wa ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, irun rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ ti mọ ooru yìí, etí rẹ̀ sì mú. Iṣẹ́ tí Ìyá Ràṣídì fẹ́ kó ṣe ni kó gbó kí wọ́n jí. Ẹni tó bá fẹ́ ajá tó máa pa olè, òun àti ọlọ́pàá ni wọ́n jọ máa sọ ọ́.

Dókítà Ẹran

Ẹ káàárọ̀ o. Dókítà ẹran ni mí, ọ̀nà Benson ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àrùn fún Ìyá Ràṣídì, ẹ forí jì mí tó bá gùn.

Dìgbòlugi ló ṣáájú. Gbogbo wa la mọ orúkọ yẹn láti kékeré, ohun tó sì máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ajá tó ń sáré kiri, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Irú ìyẹn wà. Àmọ́ òmíràn á dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni, á sá sí kọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á yí padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á rọ débi pé kò níí lè gbé itọ́ mì, ẹni tó ni ín á rò pé eegun ló há a lọ́fun, á sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé àrùn yìí ń pa èèyàn tó 59,000 lọ́dún, Áfíríkà àti Éṣíà ló pọ̀ sí jù, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, kò sí oògùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a gún ajá ló ń dènà gbogbo rẹ̀. Ọmọ ajá tó bá pé oṣù mẹ́ta lè gba tirẹ̀. Níhìn-ín, ọdọọdún là ń tún un gún.

Páfò ló tẹ̀ lé e. Ọmọ ajá ló ń pa jù: á máa bì, á máa yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí òórùn rẹ̀ burú jáì, kò níí fẹnu kan oúnjẹ, tí ẹ ò bá sì tètè gbé e wá, ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún un. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ bi Alhaji bóyá ẹnikẹ́ni ti tọ́ ajá nínú ilé yẹn rí, tí páfò sì pa ọmọ ajá níbẹ̀ láìpẹ́, torí ìyẹn tún jẹ́ ìdí mìíràn tí àgbà ajá tó ti gba abẹ́rẹ́ fi sàn fún yín.

Ẹ gba káàdì àjẹsára rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n gún un gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, àti sítíkà kékeré tí wọ́n bó lára ìgò àjẹsára náà, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. "A ti gún un" lẹ́nu lásán ò tó. Tí kò bá sí káàdì, ẹ gbà pé wọn ò gún un rí, kí ẹ gún un ní tuntun. Kò níí pa á lára.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í bèèrè rárá ni fíríìjì. Inú òtútù tó wà láàárín digiri 2 sí 8 ni àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é títí yóò fi wọ ara ajá. Ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Èyí tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́jú nínú fíríìjì tí kò níná, ó lè dà bí ẹni gún omi sí ajá lára. Ẹ ní kí wọ́n fi fíríìjì wọn hàn yín, kí ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń lò tí wọ́n bá mú iná lọ. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò níí bínú. Ó ṣeé ṣe kí òun gan-an fa ìwọ̀n òtútù inú rẹ̀ yọ kó fi hàn yín. Ẹ má ra àjẹsára lọ́jà kí ẹ fi báàgì gbé e wálé o.

Tí owó bá sì ń dun yín, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ náà ni Àyájọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, ibi púpọ̀ ni wọ́n ti máa ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà lásìkò yẹn.

Ìyá Ràṣídì, Ìgbógbó

Dókítà, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Tó bá wá bu èèyàn jẹ ńkọ́?

Dókítà Ẹran

Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ wo aago, torí ìṣẹ́jú méjì péré ti máa ń dà bíi pé ó pẹ́ tí ọmọ bá ń ké. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má gé irun ajá náà jó kí ẹ fi sójú egbò. Ẹ má fi ata, ẹ má fi epo. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún èèyàn, wọ́n á gún àkọ́kọ́, wọ́n á tún gún un ní ọjọ́ 3, 7 àti 14 lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan a máa fi ti ọjọ́ 28 kún un. Tí egbò bá jinlẹ̀, oògùn mìíràn wà tí wọ́n ń gún yí ojú egbò náà ká.

Ẹ má sì pa ajá náà. Ẹ tì í mọ́ ibì kan, kí ẹ máa wò ó fún ọjọ́ 10. Tí ara rẹ̀ bá ṣì le koko lẹ́yìn ọjọ́ 10, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu èèyàn jẹ. Àwọn tó ń lù ú pa lójú ẹsẹ̀ ló ń fi dókítà sínú òkùnkùn. Ẹ má tìtorí ọjọ́ 10 yìí dúró sílé o. Ẹ ti gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn kí ó tó pé.

Ayálégbé Ògólóńtò

Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan sọ̀rọ̀ àwa aládùúgbò náà. Ajá ẹnìkejì mi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbó láti aago 2 òru. Ilẹ̀ á mọ́, màá ṣílẹ̀kùn, ìgbẹ́ rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ rí. Ọjọ́ kan ni màá fi oògùn eku sí i lóúnjẹ, kí gbogbo wa sinmi.

Tísà Àgbọ̀wá

Ọ̀gá, ẹ fi oògùn eku sílẹ̀. Abala 495 nínú Criminal Code ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn náírà 50, tàbí méjèèjì, ni ti ẹni tó bá fìyà jẹ ẹranko. Ẹ ti lè máa rẹ́rìn-ín náírà 50. Ti oṣù mẹ́fà ni kí ẹ wò.

Alájá Ìtàmágà

Àmọ́ ẹjọ́ Ayálégbé tọ́ níbi ìgbẹ́. Ṣọ́bìrì kékeré, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ó parí. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn kó má gba ajá. Ajá tó bá sì ń gbó láti òru mọ́jú, ẹ lọ wò ó, ó sábà máa ń jẹ́ pé orí ṣéènì ni wọ́n so ó mọ́ tọ̀sán-tòru, kò rí ẹni bá ṣeré, kò rìn, kí ló tún fẹ́ ṣe?

Alfa Odógunyàn

Àsàlámù àlékùm. Ìyá Ràṣídì, mo ti mọ ohun tí Alhaji máa kọ́kọ́ sọ, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ohun tí ẹ máa mú dání lọ.

Á ní málááíkà kì í wọ ilé tí ajá wà. Hádíìsì wà lórí rẹ̀, a ò jiyàn. Àmọ́ hádíìsì tún wà tó yọ̀ǹda ajá ọdẹ, ajá tó ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn àti ajá oko, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ti fi ti ṣíṣọ́ ilé wé e. Nínú Súúrà Máídà, ẹsẹ 4, ẹran tí ajá tí a kọ́ bá pa fún wa, ó tọ́ ká jẹ ẹ́. Nínú Súúrà Káfì, ẹsẹ 18, ajá àwọn ọ̀dọ́ tó sùn sínú ihò wà níbẹ̀, ó na apá rẹ̀ méjèèjì sẹ́nu ọ̀nà, Ọlọ́hun sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ wọn.

Ti itọ́ rẹ̀: abọ́ tí ajá bá lá, ìgbà méje la ó fọ̀ ọ́, ọ̀kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀. Ìlànà Mọ́líkì nínú ẹ̀sìn, tí àwa níhìn-ín ń tẹ̀ lé, kò ka ara ajá tàbí itọ́ rẹ̀ sí nàjíísì, ìyẹn ohun àìmọ́, síbẹ̀ wọ́n ní ká fọ abọ́ náà. Nítorí náà ẹ sọ fún Alhaji pé ìta ni ajá máa sùn, kò níí gun àtẹ̀gùn, kò níí débi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, abọ́ tirẹ̀ á sì dá wà lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kó rí i pé ẹ ti rò ó kí ẹ tó wá bá òun. Ìyẹn gan-an ló máa rọ̀ ọ́ lọ́kàn, ju ẹsẹ Kùránì tí mo kà sílẹ̀ yìí lọ.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Bàyẹ̀kú

Ẹ ò tíì sọ ti oúnjẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oúnjẹ alápò dẹ́rù bà yín. Ìrẹsì fífọ́ ni mò ń sè fún tèmi, màá bọ orí ẹja ṣáwá títí eegun rẹ̀ á fi rọ̀ tí ọwọ́ á lè fọ́ ọ, màá pò ó pọ̀. Kò sí iyọ̀, kò sí ata, kò sí magí. Nígbà mìíràn ẹ̀dọ̀ adìyẹ tàbí ẹyin. Irun rẹ̀ ń dán.

Dókítà Ẹran

Ó dára bẹ́ẹ̀, ìyá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àlùbọ́sà kún un. Ọbẹ̀ àná tí àwọn èèyàn máa ń da sórí ẹ̀bà fún ajá, àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀, tútù ni o, sísè ni o, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Áyù náà bẹ́ẹ̀. Ṣokoléètì àti èso àjàrà ń ṣe é ní jàǹbá, àwọn ọmọ ni kí ẹ kìlọ̀ fún. Eegun adìyẹ tí a ti sè máa ń ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ ṣóńṣó, ó sì ń gún ìfun. Tí ara rẹ̀ bá ń gbóná, ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀ tàbí ibuprofen tí ẹ̀yin ń lò.

Rẹwáyà Gáréèjì

Tó bá ní kúrúnà ńkọ́? Ọ́ìlì kọndẹ́ẹ̀mù lóògùn rẹ̀. Ẹ fi pa á lára láti orí dé ìrù, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ara rẹ̀ á jọ̀lọ̀. Bàbá wa ló ń lò ó.

Dókítà Ẹran

Ẹ̀gbọ́n Rẹwáyà, mo bẹ̀ yín. Ajá á lá a. Gbogbo ohun tó wà nínú ọ́ìlì tí ẹ fà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn á wọ inú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ ló máa gbà á, awọ rẹ̀ náà á sì jó. Oríṣi kúrúnà méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan máa ń yún un gidi, ó sì lè ran èèyàn. Ìkejì kì í ran èèyàn. A ó ha awọ rẹ̀ díẹ̀, a ó fi ẹ̀rọ awòkòkòrò wò ó, a ó mọ èyí tó jẹ́, oògùn wà fún méjèèjì.

Ti eégbọn náà rèé. Ẹ má da ọta-píà-píà sí ajá lára. Mo ti rí èyí tó ń gbọ̀n gìrìgìrì tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ nítorí ẹ̀, àwọn ará ilé sì ti ń pariwo dìgbòlugi. Ẹ wo inú etí rẹ̀, abẹ́ ọrùn, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré di orí eégbọn náà mú níbi tó ti kan awọ gan-an, kì í ṣe ní ikùn rẹ̀ tó ti yó, kí ẹ fà á jáde tààrà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Oògùn tí a ń kán sí i lẹ́yìn ọrùn tàbí èyí tó ń gbé mì máa ń lé wọn. Tí ẹ bá rí i pé kò jẹun, tí erìgì rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pupa bíi ṣóbò, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí eégbọn ń kó ran ajá lẹ fura sí, ẹ má dúró dọ̀la.

Ọdẹ Ìjẹdẹ̀

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ́ obìnrin yìí bí wọ́n ṣe ń wo ajá.

Tí ẹ bá dé ilé àbò, ẹ má lọ dúró lójú kéèjì kí ẹ tẹjú mọ́ ọn. Ìjà ni ajá ń pe ìyẹn. Ẹ jókòó, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sí i, kí ẹ ju ẹja díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ máa bá ara yín sọ̀rọ̀. Èyí tó bá wá jẹ ẹ́ tó sì gbóòórùn ẹsẹ̀ yín, ó dára. Èyí tó wà lẹ́yìn tó ń wò, ẹ má tíì kọ̀ ọ́, ó lè máa rò yín wò ni. Èyí tí ara rẹ̀ le gbagidi, tí kò mira, tí ìrù rẹ̀ nà gan-an tó sì ń kùn lábẹ́lẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ti ilé ọlọ́mọ. Ẹ má rò pé gbogbo ìrù tó ń jù ni inú dídùn. Ajá tó ń yán nígbà tí oorun ò kùn ún, tó ń lá imú ara rẹ̀ léraléra, tó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ débi pé ẹ̀ ń rí funfun ẹyinjú rẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ń sọ fún yín kí ẹ sún sẹ́yìn. Ajá tí wọ́n bá lù nítorí pé ó kùn, á kọ́ láti má kùn mọ́, lọ́jọ́ tó bá wá bínú, ẹnu ló máa kọ́kọ́ lò.

Ti orúkọ ńkọ́? Ẹ fún un ní orúkọ kí ẹ máa fi oúnjẹ pè é. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tèmi máa ń gbọ́, torí pé láti ìgbà tó ti wà ní kékeré, bí fèrè bá ti dún ni ẹran ń bọ́ sí i lẹ́nu.

Ẹ má sì jẹ́ kó máa rìn gbéregbère lọ sí títì. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ wà, àwọn tó ń jí i tà fún àwọn tó fẹ́ bọ Ògún wà. Èmi náà ń bọ Ògún, mi ò fi bò. Àmọ́ ajá olówó ajá tí wọ́n jí gbé, ta ni wọ́n ń tàn?

Tísà Àgbọ̀wá

Ẹ ṣọ́ra fáwọn gbájúẹ̀ náà. Wọ́n á gbé fọ́tò ajá tó rẹwà sórí Facebook, "ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó ni ín ń lọ sí Kánádà", owó mọ́tò nìkan ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ bá fi ránṣẹ́, owó abẹ́rẹ́ á kù, owó kéèjì á kù. Ajá náà kò sí níbì kankan. Ibi tí ẹ ò bá fẹsẹ̀ ara yín dé, ẹ má sanwó síbẹ̀.

Ìyá Ràṣídì, Ìgbógbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. A ti rí Alhaji. Bí Alfa ṣe wí gẹ́lẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, lórí málááíkà. Bàbá Ràṣídì wá ka gbogbo ohun tí a ti pinnu sílẹ̀ fún un, àtẹ̀gùn, ibi àlùwàlá, abọ́. Ó dákẹ́, ó ní òun gbà, àmọ́ ohun mẹ́ta: kò gbọ́dọ̀ gun òkè, ìgbẹ́ kan ò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí òun bá ń lọ kírun àsùbáà, òun ò sì fẹ́ kó wá bímọ kún ilé òun. Ṣé ilé àbò á ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá ni? Abo ńkọ́? Àti pé báwo la ṣe máa ṣe é pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́rin yìí? Ìrù ohun gbogbo ló máa ń fà.

Dókítà Ẹran

Ọ̀pọ̀ ilé àbò ló máa ń ti ṣe é kí wọ́n tó gbé ajá jáde, ẹ bi wọ́n kí ẹ sì rí i nínú ìwé. Abo ajá máa ń gba akọ ní bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 63, ẹ mọ ohun tí ìyẹn máa dà. Iṣẹ́ abẹ ni a fi ń yọ ilé ọmọ rẹ̀. Ti akọ rọrùn jù ú lọ. Ajá ìgboro a tún máa kó kókó kan síbi ojú ara rẹ̀ láti ara ajá tó bá gùn ún, tí ẹ bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń kán níbẹ̀ ṣáá, ẹ sọ fún dókítà. Oògùn máa ń wò ó, wọ́n lè ti wò ó tán nílé àbò pàápàá.

Alájá Ìtàmágà

Ti ọmọ: òfin kan ni kó wà nílé yín, òun sì ni pé ọmọ ọdún mẹ́rin àti ajá kì í dá wà pọ̀, kódà fún ìgbà tí ẹ fẹ́ lọ pọn omi wọ inú ilé. Kò sí "ajá yìí jẹ́ jẹ́jẹ́" níbẹ̀. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ dé ìdí abọ́ ajá tí ajá bá ń jẹun, kò gbọ́dọ̀ jí i lójú oorun, kò gbọ́dọ̀ dì mọ́ ọn lọ́rùn. Tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, àyà tàbí ẹ̀gbẹ́ ni, kó má ti orí bọ̀ ọ́.

Àwọn tó ń gba ajá tọ́ máa ń sọ ti mẹ́ta-mẹ́ta: ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀rù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ń kọ́ bí ilé ṣe ń lọ, oṣù mẹ́ta kó tó gbà pé ibẹ̀ ni ilé òun. Kì í ṣe òfin, àwọn mìíràn yá, àwọn mìíràn pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè má jẹun lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ gbé omi àti oúnjẹ sí i ní kọ̀rọ̀ tí ẹ ti pèsè, kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má pe àdúgbò wá wò ó, kò sí ìsọmọlórúkọ níbẹ̀. Ẹ wo abẹ́ géètì yín dáadáa lọ́sàn-án, tí orí rẹ̀ bá lè gba ibẹ̀, ara rẹ̀ á gba ibẹ̀. Nígbà ọdún, tí àwọn ọmọ bá ń yin báńgà, tàbí tí àrá bá ń sán, ẹ tètè tì í mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń sọnù jù.

Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ ò ní lọ sọ́jà mú un wálé, kí ẹ lè wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyá Ràṣídì, Ìgbógbó

A ti lọ o! Abo kan báyìí, pupa rúsúrúsú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì iwájú funfun, etí kan nà, ìkejì tẹ̀. Wọ́n ní ó tó ọdún mẹ́ta, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, káàdì pé, sítíkà wà níbẹ̀. Ó wá jẹ ẹja ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Ràṣídì. Ìgbà tí bàbá wọn gbọ́wọ́ sókè pé kóun gún fìlà ṣe ni ó fò sẹ́yìn, ó dọ̀bálẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní bó ṣe máa ń ṣe sí ọkùnrin tó bá gbọ́wọ́ sókè nìyẹn, pé á lọ tó bá yá. Bàbá Ràṣídì ṣí fìlà, ó fi í sápò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní òun ò fẹ́ ajá!

Lórí orúkọ, ìjà ṣì wà. Àwọn ọmọ ní Tiger, bàbá wọn ní Ẹ̀yìnlàárò. Sátidé la fẹ́ lọ gbé e. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ajá láti Èkó dé Ìgbógbó? Dáńfó ò ní gbà wá.

Ọmọ Ẹbúté Ìpákodò

Bọ́ọ̀sì mi máa ń ṣófo bọ̀ láti Mile 12 ní ọ̀sán Sátidé. Ẹ wá sínú ìfiránṣẹ́ ìkọ̀kọ̀, ká dá owó epo. Ṣùgbọ́n kó má bì sí mi lọ́kọ̀ o.

Alájá Ìtàmágà

Kí wọ́n má fún un lóúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, omi díẹ̀ nìkan. Ẹ ya kéèjì lọ́wọ́ wọn tí wọ́n bá ní, ẹ tẹ́ aṣọ tó ti ń sùn lé sínú rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́. Tí kò bá sí kéèjì, okùn méjì: ọ̀kan lára bẹ́líìtì ọrùn, ìkejì lára èyí tó gba àyà, ọwọ́ bàbá Ràṣídì ni kí méjèèjì wà, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ. Gíláàsì ọkọ̀ á ṣí díẹ̀ fún afẹ́fẹ́, kó má fẹ̀ débi tí orí rẹ̀ máa gbà. Nínú gosiló Mile 12 àti Ajégúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn pé òun fẹ́ ra gálà. Tí ẹ bá dé ilé, ẹ ti géètì kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀.